Ìrora Tí Wọ́n Ní Kí N Mú Mọ́ra

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ikùn títí dé ojú ara. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlúpéjú. Ìdúró ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ìdúró náà ni mo fi ń máàkì ìwé wọn, nítorí bí mo bá jókòó, á dà bíi pé mo jókòó lé ẹ̀yinná. Tí mo bá gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀yẹ́, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni mò ń gbin sí.

Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ní àrùn tọ́lẹ́ẹ̀tì ni. Ó fún mi ní kápúsù. Mo lò ó tán, ó fún mi ní òmíràn, ó tún ní kí n máa fún ojú ara mi pọ̀ láàárọ̀ lálẹ́ kó lè le. Mo ń ṣe é, ìrora ń pọ̀ sí i. Ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Ọkọ mi ò lè fọwọ́ kàn mí. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó bi mí pé, "Ṣé ọkùnrin kan wà níta ni?"

Mo ní, "Ó ń dùn mí ni."

"Ṣé ìwọ nìkan ló bímọ láyé?"

Mo gba Ìsàn lọ bá màmá mi. Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Obìnrin kì í sọ irú èyí síta. Mú un mọ́ra nínú ulé ọkọ rẹ."

Dókítà kan ní Ìdó ló wá darí mi sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tọ́jú iṣan ara. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní, "Ìka kan ni màá fi yẹ̀ yín wò, mà. Tí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró." Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó tẹ ibì kan báyìí, mo pariwo.

"Ibí yìí ni," ó wí. "Kì í ṣe àrùn. Iṣan tó gbé ilé ọmọ àti ilé ìtọ̀ ró ló dì pọ̀ bí ìkúùkù. Ẹ má fún un pọ̀ mọ́. Títú u sílẹ̀ lẹ máa kọ́."

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, tí mo ń mí sínú ikùn. Nílé, màá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, màá ya orúnkún, màá máa mí. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, mo jókòó gbọ́ ìwàásù parí.

Mo sáré lọ sọ fún màmá mi.

"Ṣé ó ní ìwòsàn?" ni wọ́n bi mí. "Láti ìgbà tí mo ti bí ọ ni tèmi ti wà níbẹ̀."

"Màmá! Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ní kí n mú un mọ́ra?"

"Ohun tí ìyá tèmi náà sọ fún mi nìyẹn."

Mo bẹ̀ wọ́n ká jọ lọ sí Ìdó. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ta ni àgbàlagbà bíi tàwọn fẹ́ máa ṣí aṣọ fún. N ò fẹnu kan iyán tí wọ́n gún dè mí. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé Ìlúpéjú, n ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí mọ́.