Ojú Ràṣídì Tó Lẹ̀ Mọ́ Gíláàsì

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ nílé wa ní Ìdímù. Kìrìsìtẹ́nì ni wá o, ará Èkìtì, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni Ìyá Ràṣídì máa ń wá kí wa láti Egan. Bàbá mi á ṣí àpótí aṣọ wọn, wọ́n á gbé fọ́tò ológun kan jáde, wọ́n á rọra nu gíláàsì rẹ̀.

Bàbá mi àti Ràṣídì ọ̀rẹ́ wọn ló wà níbẹ̀, nínú aṣọ sójà, lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ sí ogun Làìbéríà. Bàbá mi padà wálé. Ràṣídì ò padà. Fọ́tò tó yà kẹ́yìn nìyẹn, ẹyọ kan ṣoṣo. Bàbá mi bẹ Ìyá títí pé kí wọ́n jẹ́ káwọn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún wọn, wọ́n kọ̀. "Ọmọ mi, bó bá wà nílé mi, ẹkún ni n ó máa fi jẹun. Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ, kí n máa wá kí i."

Ìyá á gbé e lé itan, wọ́n á máa ròyìn ọdún fún un: "Ràṣídì, àbúrò rẹ ti bímọ o. Má wulẹ̀ dá mi lóhùn, ṣáà máa gbọ́ jàre." Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á sá sẹ́yìn kọ́tìnì lọ máa rẹ́rìn-ín. Ìyá á sunkún díẹ̀, màmá mi á di ọwọ́ wọn mú, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á tún máa ṣàwàdà.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òjò ńlá kan rọ̀, páànù jò sínú àpótí. Ìtúnu ku ọjọ́ méjì, àwọn òbí mi ò sí nílé. Mo ní kí n bá wọn sá fọ́tò náà sóòrùn. Mo ṣí ẹ̀yìn férémù, mo fà á, kò jáde. Màmá mi kì í yé sọ pé, "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," àmọ́ ta ló ń gbọ́? Mo fi agbára fà á. Yéè! Àwòrán bàbá mi jáde pérépéré, ibi tí ojú Ràṣídì wà funfun báláú. Ojú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

Bàbá mi ò nà mí. Wọ́n jókòó, wọ́n di orí mú. "Kí ni mo fẹ́ wí fún Ìyá?" Lọ́jọ́ ọdún, wọ́n ní èmi gan-an ni kí n gbé e fún Ìyá. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo bà á jẹ́."

Ìyá gbé gíláàsì náà sókè níbi fèrèsé, wọ́n wò ó pẹ́. "Má nà án o," ni wọ́n wí fún bàbá mi. "Ọmọ mi ṣáà wà níbí." Wọ́n fi ìborùn wọn wé gíláàsì náà, wọ́n gbé e lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi nu àga dè wọ́n, wọn ò wá. Wọn ò wá mọ́ títí wọ́n fi kú.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò Ràṣídì fi fóònù ya gíláàsì náà ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ mi ọkùnrin pa á pọ̀ mọ́ ìdajì tó kù lọ́wọ́ wa, mo sì fi ránṣẹ́ sí ẹbí méjèèjì lórí Wásáàpù. Inú gbogbo èèyàn dùn, àdúrà ń rọ̀ lé mi lórí. Èmi ò lè ṣe àmín.

Lọ́jọ́ náà, mo rò pé mo mú un jẹ, torí ẹnikẹ́ni ò nà mí. Èmi tí mo bímọ ọkùnrin lónìí ti wá mọ̀: Ìyá Ràṣídì tí wọ́n ń wá sunkún láàárín wa, èmi ni mo sọ wọ́n di ẹni tó ń dá sunkún nílé.