Iná Funfun Tó Tẹ̀lé Wa Bọ̀ Láti Dabou

Ọkọ mi kórìíra iná funfun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn kan nínú ẹbí wa ṣì ń sọ pé agídí lásán ló ń ṣe, pé kò fẹ́ ohun tuntun ni. Irọ́ ni. Òun ló kọ́kọ́ ra tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère nínú ọgbà tí a ń gbé ní Adjamé, ní Abidjan, gbogbo ayálégbé ló sì ń wá wò ó títí ilẹ̀kùn wa fi ya. Iná iwájú ọkọ̀ nìkan ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun pààrọ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ yìí. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré méjì la ní, àwọn tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn wọn, tí gbogbo Abidjan ń pè ní bâchée. Ọkọ mi ń wa ọ̀kan, àbúrò rẹ̀ ń wa èkejì, a sì ń fi wọ́n kó ìkòkò àti abọ́ lọ sí ọjà àwọn ìlú tó yí wa ká. Iná tó bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, pupa bí inú ẹyin ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Faransé ṣe fẹ́ ẹ nígbà náà, ọkọ̀ wọn ló sì kún títì wa.

Àwa ọlọ́jà tí a jọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ní àṣà kan lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣíwájú, àbúrò ń tẹ̀lé e, ẹni iwájú á sì máa wo dígí kó lè mọ̀ bóyá ará ilé òun ṣì wà lẹ́yìn. Iná tí a kò bá mọ̀, a kì í dúró fún un. Ó lè máa ṣẹ́jú sí ọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, o kò gbọ́dọ̀ dúró, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn adigunjalè ṣe ń dá èèyàn dúró. Ọkọ̀ àbúrò ọkọ mi ti kọlu ewúrẹ́ kan rí, láti ọjọ́ náà ni iná òsì rẹ̀ ti wọ́, tó ń wo igbó dípò kó máa wo títì. Bí ọkọ mi bá ti rí iná tó wọ́ yẹn nínú dígí, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ojú àbúrò mi rèé." Ọkàn wa á sì balẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi yìí, èmi a máa pè é ní ọkọ mi kékeré, bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe. Aláfẹ́ ni. Ọkùnrin tó ń fi awò dúdú sójú lálẹ́, òun náà ló wá ń ráhùn pé iná ọkọ̀ òun kò mọ́lẹ̀ tó. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù tà ní Adjamé, ó ra gílóòbù funfun méjì níbẹ̀, iode ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ó gbé wọn wálé bí ẹni gbé ẹyin.

Ọkọ mi ní kò sí ìdí tí wọ́n fi máa pààrọ̀ iná. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ni mo bá ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ méjèèjì kọjú sí ògiri ọgbà, kí á wò ó. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Ọkọ mi kọ́kọ́ tan tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, kò jìnnà, ṣùgbọ́n mo rí gbogbo kòtò tó wà níwájú ọkọ̀, òjìji mi lára ògiri sì rọ̀, etí rẹ̀ kò mú. Ọkọ mi kékeré ti fi àwọn funfun sí tirẹ̀, ó wá tan án. Ẹ̀rù bà mí. Mo rí ojú ihò alángbá lára ògiri. Mo rí èékánná ẹsẹ̀ mi. Òjìji mi dìde dúdú bí èédú, bí ẹni pé obìnrin mìíràn ló dúró sí ògiri tó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Mo yí padà láti sọ̀rọ̀, n kò sì rí ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ kò sí, ọgbà kò sí, funfun nìkan ni. Nínú funfun náà ni mo ti gbọ́ tí ọmọ mi obìnrin, tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ń rẹ́rìn-ín. Ó ti bá àbúrò bàbá rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀. Mo ní, "Níbo lo wà?" Ó ní, "Màmá, mo wà níwájú yín níbí! Mo ń rí yín! Ẹ ń dijú!" N kò fẹ́ràn rẹ̀ pé ọmọ mi ń rí mi, tí èmi kò rí i. Mo ní kí wọ́n pa iná náà.

Ọkọ mi dá ẹjọ́ náà. "Èyí tó bá a wá ń fi ilẹ̀ tí mo fẹ́ tẹ̀ hàn mí. Tìẹ ń fi ohun tí kò kàn mí hàn mí, ó sì ń fọ́ ojú ẹni tó wà níwájú. Báwo ni mo ṣe máa dá ọ mọ̀ lẹ́yìn mi?" Àbúrò rẹ̀ ní, "Bọ̀dá, vraiment, ẹni tó ríran jìnnà ni kì í kọsẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Àbúrò yọ àwọn gílóòbù náà, ó fi aṣọ wé wọn, ó tì wọ́n sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, ó dá àwọn pupa padà. A gbàgbé wọn.

Ní ọjọ́ ọjà Dabou tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, a tajà, ọkọ̀ méjèèjì fúyẹ́. A kírun Màgíríbì tán kí á tó gbéra. Ọmọ mi ní ọkọ̀ tọ́ńtọ̀n, bó ṣe ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, lòun ń bá lọ, nítorí ibẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì wà. Mo jẹ́ kó lọ. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, kùrukùru ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀sà gòkè bọ̀ wá sínú oko ọ̀pẹ tó wà lọ́tùn-ún lósì wa. Iná pupa wa ń rákòrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn wa, iná tó wọ́ ń bọ̀ jẹ́jẹ́.

Nígbà tí a yà ní kọ́nà kan, n kò rí i mọ́. Ọkọ mi ní, "Bóyá ó ń tọ̀." Ó dẹ ẹsẹ̀. A rìn bí ìgbín, kò sí iná. Oko ọ̀pẹ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró sí nígbà náà, ẹni tó bá dúró níbẹ̀ ń wá ohun tó ń wá. A ṣì ń rìn díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lókè wa funfun lójijì.

Mo kọ́kọ́ rò pé òṣùpá ló yọ. Nígbà tí mo wo iwájú, mo rí òjìji ọkọ̀ wa lórí kùrukùru, ó gùn, ó dúdú, ó ń sáré níwájú wa bí ẹni tó fẹ́ fi wá sílẹ̀. Orí mi wà nínú òjìji náà. Nígbà tí mo mì í, ó mì. Ọkọ mi wo dígí, ó yára yí ojú kúrò.

"Kì í ṣe tiwa," ó ní.

Iná náà ṣẹ́jú sí wa. Ó tún ṣẹ́jú. Ọkọ mi mú kí ọkọ̀ sáré sí i, iná funfun náà sì yára. Nígbà tí a sá, ó sá. Nígbà tí kòtò mú kí a rọra, ó rọra.

Mo bi í pé, "Ọmọ mi ńkọ́?"

Ó tún wo dígí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ti Dabou wá. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn wa, ó ti kọjá lára ọkọ̀ tí ọmọ mi wà nínú rẹ̀, iná pupa yẹn kò sì yọ mọ́. Mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Mo yọ orí síta lójú fèrèsé, mo wo ẹ̀yìn. Mo tẹjú mọ́ ọn títí omi fi ń dà lójú mi. Kò ní ọkọ̀, kò ní èèyàn, funfun lásán ló ń lé wa bọ̀. Mo kàn rí i pé ọ̀pẹ ẹ̀gbẹ́ kan ń mọ́lẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, n kò sì bi ara mi pé kí ló fà á.

"Dúró! Ọmọ mi wà lẹ́yìn!"

"Bí mo bá dúró, wọ́n á pa àwa náà. Jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ àwọn jandámù, àwọn ló máa bá wa padà."

Mo fi ìkúùkù lù ú ní èjìká. Mo pè é ní orúkọ tí n kò pe ọkọ mi rí. Ó kàn ń wa ọkọ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ inú irùngbọ̀n. Mo bínú sí i gidigidi, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo tún yọ orí síta, mo sì ń wo iná náà títí a fi dé ibi tí àwọn jandámù, àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, ti dínà sí, lẹ́bàá ẹnu ìlú.

Ọkọ mi fò jáde, ó ń pariwo pé olè wà lẹ́yìn, wọ́n ti gbé ọmọ òun, "Voleurs! Derrière! Ils ont pris ma fille!" Àwọn jandámù gbé ìbọn, wọ́n kọjú rẹ̀ sí iná funfun tó ń bọ̀, wọ́n ń pariwo pé kó pa iná rẹ̀. "Éteins tes phares! Éteins!" Iná náà dúró, kò kú. Ìbọn gòkè sí i. Lẹ́yìn náà ló kú.

Òkùnkùn bò wá. Inú òkùnkùn náà ni ohùn ọkọ mi kékeré ti jáde, "Bọ̀dá! Kí ló ń lé yín?"

Gílóòbù òsì rẹ̀ ló kú ní kọ́nà yẹn. Ó rántí àwọn méjì tó wà lábẹ́ ìjókòó, ó fi wọ́n sí i, ó sì ń sáré kó lè bá wa, ó ń ṣẹ́jú kí á lè mọ̀ pé òun ni. Ó rí i pé a ń sá, ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ti rí ohun kan nínú igbó, ni òun náà bá ń sá. Ohun tí a ń sá fún ló ń bá wa sá. Iná òsì rẹ̀ ṣì wọ́ síbẹ̀, ọ̀pẹ ẹ̀gbẹ́ òsì ló ń tàn sí, ṣùgbọ́n funfun náà kò jẹ́ kí á dá ojú àbúrò wa mọ̀. Àwọn jandámù rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Mo fa ọmọ mi jáde, mo fọwọ́ pa á lára, orí, apá, ẹsẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò.

Ó ní, "Màmá, mo rí yín. Ẹ yọ orí, ẹ wò mí. Mo ń juwọ́ sí yín. Ẹ wo ojú mi, ẹ sì ń sá lọ."

Mo ní, "N kò rí ọ. Iná ni mo rí."

Ó ní, "Èmi rí yín dáadáa."

Kò bá mi jókòó nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ló wà, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ wa ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ó pẹ́ kó tó tún gbà kí n di irun fún òun.

Ó ti dàgbà báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní Zone 4 ní Abidjan, òun fúnra rẹ̀ ń wa ọkọ̀. Àwọn ará Faransé ti pa iná pupa tì, funfun ni gbogbo ọkọ̀ ń tàn báyìí, kò sì sí ẹni tó ń fi iná dá ará ilé rẹ̀ mọ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí mo wà nínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, tí iná bá yọ lẹ́yìn wa, mo máa ń yọ ọwọ́ síta lójú fèrèsé, mo ń juwọ́ sí i. Àwọn awakọ̀ takisí rò pé orí mi ti dàrú. Mo máa ń juwọ́ náà títí iná yẹn á fi kọjá, nítorí n kò mọ ẹni tó ń wò mí.