Ògiri Tí Kò Gbẹ

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Afọwọ́kalẹ̀ ti ń bá àwọn awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́. Àwọn náà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kì í ṣe òun ló ń gbẹ́ kòtò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó fi ṣíbí pẹlẹbẹ, irú èyí tí bíríkìlà ń lò, ha ògiri kòtò títí yóò fi dán, kí ó wá wọ́n omi sí i kí àwọ̀ ilẹ̀ lè jáde. Ilẹ̀ gbígbẹ a máa yan odi. Bí a bá bu omi rin ín ni ó ń sọ ẹni tó gbé orí rẹ̀ rí. Obìnrin náà á sì yà á sínú ìwé.

Ohun tó rí nínú kòtò àfonífojì yìí kò bá a lára mu. Eérú ààrò wà nísàlẹ̀, iyanrìn odò bò ó. Eérú mìíràn, iyanrìn mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni èèyàn ti kọ́lé sí ojú odò tó gbẹ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni odò ti padà wá gba ibùsùn rẹ̀. Lábẹ́ iyanrìn kọ̀ọ̀kan, ipa ẹsẹ̀ àgbà àti ọmọdé wà nínú ẹrẹ̀ tó ti le. Gbogbo wọn ló kọjú sí òkè. Kò sí ẹyọ kan tó ń bọ̀.

Eérú karùn-ún ló wà lókè pátápátá. Ti ìran tiwọn nìyẹn. Ilé bàbá wọn, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń dá gbé, kò ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ sí kòtò náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bá ògiri tó ti rin, àwọ̀ rẹ̀ hàn kedere. Ó yà á sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn awalẹ̀pìtàn.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun o, ẹ ń bá mi wọ́n omi."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé ike omi yín! Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń tètè dé ni."

Oṣù mẹ́rin ni òjò ò ti rọ̀. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Ó tutù, ó sì ń rùn bí ẹja. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, omi rọra kún ojú ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.

Kò dúró mú nǹkan kan, ó sáré lọ sílé bàbá wọn. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rán bọ́tìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sókè."

"Ìwọ yìí náà! Odò tí bàbá bàbá wa ò fojú rí, òun lo fẹ́ fi lé mi jáde? Iṣẹ́ ilẹ̀ yìí ti fẹ́ yí ọ lórí."

Afọwọ́kalẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ ṣíbí lápò, ó ha ọ̀dà ara ògiri. Bílọ́ọ̀kù abẹ́ rẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn án, ó gbé ìka símú.

"Ta ló da omi sí i?"

"Ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi wọ́n láti ọjọ́ Ajé nìyẹn, mà."

Awò ojú nìkan ni ẹ̀gbọ́n mú. Ó sì ti ilẹ̀kùn pa, ó fa á wò lẹ́ẹ̀mejì, àfi bí ẹni tí olè ń bọ̀ wá bá.

Nígbà tí wọ́n gun òkè dé ìdajì, Afọwọ́kalẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Kò lè kọjá lórí ilẹ̀ kó má kà á. Ipa ẹsẹ̀ èèyàn méjì ló wà níbẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Gbogbo wọn kọjú sí òkè. Omi ti dúró nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ wá ìwé ìyàwòrán lápò, kó tó rántí pé inú kòtò ló fi í sí.