Àwọn Kóbọ́ì Kambolé àti Ọmọ Tó Kọ Ohùn Mi

Òórùn awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń sè nínú agolo ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún yẹn. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni. Eruku bo gbogbo Kambolé, ìlú wa ní Tógò, débi pé a kò rí mọ́sálásí láti ẹnu ọ̀nà wa. Wàhábù káfíńtà, aládùúgbò wa, ń se awọ náà títí yóò fi ki, kó lè fi lẹ ara gìtá kan tó ti sán. Àbúrò bàbá mi, Sàlífù, ló ni gìtá náà. Ó gbé e ti Gánà dé, pẹ̀lú fìlà etí gbòòrò kan àti irú orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí lágbègbè wa.

Bàbá Kékeré ni mo ń pè é. Oko kòkó ló ti ṣiṣẹ́, ilé ọ̀gá rẹ̀ ló sì ti gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn darandaran ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ń pè ní kóbọ́ì. Ó ní òun kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ilé jìnnà, màlúù kan ti sọnù, ìyá ẹnìkan ti kú kí ọmọ tó dé. Ó wá fi Yorùbá tiwa kọ irú rẹ̀. Wàhábù fi pákó àpótí kan gìtá kékeré fún ara rẹ̀. Ìsá, ọmọ ẹ̀yà Tem tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Tchamba, ń fọn fèrè onírin kékeré kan tí wọ́n ń fi sáàárín ètè. Èmi ni mo ń kọ ohùn kejì, èyí tó ń gòkè nígbà tí ti Bàbá Kékeré bá ń sọ̀kalẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ó gbọ́ orin lẹ́nu mi níbi tí mo ti ń bẹ iṣu, ó ní, "Ràmátù, má pariwo. Kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ẹni tó wà lódìkejì odò sọ̀rọ̀."

Bàbá mi kò fẹ́ ẹ. Àgbẹ̀ oníṣu ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń sọ pé, "Ẹyin lohùn. Bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó." Ìyá mi ló bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé kí n máa dé ilé kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́.

Ọjà Koussountou la ti kọ́kọ́ kọrin níwájú èrò. Mo rò pé wọn yóò jó, ṣùgbọ́n ńṣe ni gbogbo wọn dákẹ́. Obìnrin tó ń wọn àgbàdo gbé igbá dúró sókè, kò dà á. Nígbà tí a dé ibi tí ọkùnrin inú orin ti wá màlúù lọ tí kò padà, bàbá àgbà kan wá síwájú, ó gbé ọwọ́ lé orí mi. "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún yín?" Bàbá Kékeré ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, pé òun ló ronú rẹ̀. Bàbá náà kò gbà á gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí mi títí orin fi parí, ó sì tutù bí omi àmù.

Bó ṣe rí ní Goubi nìyẹn. Bó ṣe rí ní Tchamba nìyẹn. Ibi gbogbo tí a bá dé, ẹnìkan á dìde, á bi wá ní ìbéèrè kan náà, bí ẹni pé orin náà ti débẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n ń pè wá ní Kóbọ́ì Kambolé nítorí fìlà tí Wàhábù fi èèpo oparun hun fún wa, àwọn ènìyàn sì ń rìn láti oko wá gbọ́ wa.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n pè wá sí ilé iṣẹ́ rédíò ní Sokodé. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, tí àwòrán Olórí orílẹ̀-èdè wa wà láyà rẹ̀, mú wa wọ yàrá kan tí wọ́n fi tìmùtìmù dí fèrèsé rẹ̀. A kọrin sínú ẹ̀rọ. Nígbà tó tún un gbé jáde fún wa, ẹ̀rù bà mí, nítorí pé mo gbọ́ ara mi níbi tí n kò sí.

"Mesyé Sàlífù," ni ọkùnrin náà wí, "orin yìí dára. Ibi tí ẹ ti ń kùn láìsọ̀rọ̀ yẹn, ẹ fi orúkọ Olórí sí i."

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwòrán rẹ̀ wà lókè pátákó ìkọ̀wé ní kíláàsì wa. A ń jó fún un lójoojúmọ́ kí a tó ṣí ìwé.

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹni tó sọnù lorin náà ń pè. A ò lè máa fi pe ẹni tó wà nílé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ó fún mi ní omi ọsàn inú ìgò tó tutù. "Ẹ máa lọ," ló wí. "A ó ránṣẹ́."

Ìgbà ìroko ni wọ́n ránṣẹ́, lọ́sàn-án gangan. Ọkùnrin méjì sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò funfun. Wọ́n kí bàbá mi dáadáa, wọ́n mu omi, wọ́n ní kí Sàlífù wá fọwọ́ sí ìwé kan, kó gbé gìtá dání. Ó tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá mi lọ sí Sokodé. Ọ́fíìsì kan ní kí ó lọ sí òmíràn, òmíràn ní àwọn kò mọ orúkọ náà. Akọ̀wé kan tiẹ̀ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó ní, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ní àbúrò?" Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó dárúkọ Sàlífù mọ́ nínú ilé wa. Wàhábù padà sídìí ilẹ̀kùn tó ń kàn. Ìsá sọdá sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, èmi àti ìyá mi ń yín àgbàdo, rédíò bàbá mi wà lórí àpótí. Orin wa bẹ̀rẹ̀. Ohùn Bàbá Kékeré ni. Nígbà tó dé ibi tí a ti ń kùn, ó pe orúkọ Olórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń pe ẹni tó sọnù.

"Ó wà láàyè," ni bàbá mi wí.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kejì wọlé. Ó gòkè níbi tí mo ti ń gòkè. Ó mí níbi tí mo ti ń mí. Inú ìyá mi dùn, ó yíjú sí mi, ìgbà náà ló tó rí i bí ojú mi ṣe rí.

"Ìyá, kì í ṣe èmi."

Bàbá mi pa rédíò náà. "Mo mọ̀," ló wí. "Bí wọ́n bá kí ọ, dúpẹ́."

Wọ́n sì kí mi. Àwọn ará ilé, àwọn ará ọjà, málàmù tó ń kọ́ wa ní Kùránì. Ọ̀gá ilé ìwé fi mí síwájú ìlà àwọn tó ń jó fún Olórí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọjọ́bọ̀ gbogbo ni wọ́n ń gbé e jáde, mo sì ń tẹ́tí sí ọmọ náà títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bíi tirẹ̀. Ìgbà mìíràn, mo máa ń rò pé èmi ni wọ́n mú lọ, pé ẹlòmíràn lẹni tó jókòó ti ìyá mi tó ń yín àgbàdo yìí.

Bàbá Kékeré padà lẹ́yìn tí wọ́n ti wa iṣu tán. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Tchamba, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ó jẹun, ó sùn, ó tẹ̀ lé bàbá mi lọ sóko, kò sì kọrin mọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ní ìgboyà, nígbà tí àwa méjì ń kọ ebè.

"Bàbá Kékeré, ta lọmọ yẹn?"

Ó ti ọkọ́ bọ ilẹ̀. "Wọ́n fi aṣọ dí àárín wa. Èémí rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Wọ́n ti kọ́ ọmọ náà ní ohùn tìrẹ dáadáa." Ó fa ọkọ́ yọ. "Nígbà tí a parí, ó béèrè bóyá òun lè máa lọ sílé. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n dá a lóhùn."

Mo ti ń ta aṣọ ní Sokodé láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń yẹ́ mi sí nítorí orin yẹn, mo sì ń dúpẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà náà ní ìdí tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí Bàbá Kékeré sì wà nínú ewu. Èmi tí mo ti di ìyá àgbà, n kò mọ ìdí tèmi. Lọ́dún tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan, obìnrin kan dì mọ́ mi, ó ní òun kò gbàgbé ohùn mi láé. Mo sọ fún un pé, "Kì í ṣe èmi. Ọmọ mìíràn ni."

Ó wò mí. "Ta wá ni?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, àwọn obìnrin tó wà nítòsí sì yíjú sí mi, wọ́n ń dúró de orúkọ tí èmi gan-an kò mọ̀.