Yẹ̀pẹ̀ Tí Mo Fi Ṣe Àlùwàlá

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má fi tìẹ kún un. Bí mo bá dákẹ́, kí ìwọ náà dákẹ́.

Ọ̀sà ló gbé ìyá mi lọ. Òmìnira ò tíì dé nígbà yẹn, mi ò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìkòròdú la ti wọ ọkọ̀ ojú omi, à ń lọ ra ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Ìjì dé, ọkọ̀ dojú dé. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú nínú omi. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé apẹja kan fà mí yọ, wọn ò sì rí ìyá mi àfi lọ́jọ́ kẹta. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé èmi ni mo já ọwọ́ mi gbà. Ó ń fà mí lọ sísàlẹ̀, mo ta á nípàá láyà. Ojú rẹ̀ lábẹ́ omi ni mo rí kẹ́yìn. Ó la ojú sílẹ̀, ó ń wò mí.

Látọjọ́ náà, omi ò gbọdọ̀ kan ojú mi. Kí wọ́n bu omi sínú igbá lásán, mo ti sá jáde nílé. Ìyá bàbá mi ní Ìkòròdú wá ìwòsàn títí. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ àfáà. Àfáà kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára pátákó wàláà láti fi ṣe hàntú, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó ní kí n mu díẹ̀ kí n fi ìyókù bọ́jú. Mo dà á nù. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúrà. Wòlíì ní kí wọ́n wẹ̀ fún mi létí omi. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé mi lọ, mo bu ọ̀kan jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Gbogbo ìwòsàn tí wọ́n mọ̀, omi ni! Ìyá àgbà sunkún lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Agbára mi ò ká a mọ́." Ó fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Mọ́tò ló gbé mi, a yí gba Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí mo ní àfi kí wọ́n pa mí kí n tó tún wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹja ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń yan tà. Ìdí iná ló fi mí sí, torí mi ò lè fọ ẹja. Mi ò wẹ̀, aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nu ara. Àwọn oníbàárà á fọwọ́ bo imú.

"Ìyá, ẹja yín ló ń rùn ni àbí ọmọ yín?"

"Ẹja mi ò rùn. Ẹ rà á, tàbí kí ẹ máa lọ."

Kò sọ pé ọmọ òun ò rùn. Mo gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo dúró sí, mò ń wo àwọn tó ń kírun.

"Ìwọ ò ní kírun ni?"

"Mi ò lè ṣe àlùwàlá, Ìyá."

"Ta ló ní omi nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é?"

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ilẹ̀ ti mọ́. Ó ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu yẹ̀pẹ̀, kí n gbọ̀n ọ́n, kí n fi ra ojú, kí n fi ra ọwọ́. Ó ní ẹni tí omi lè pa lára, yẹ̀pẹ̀ lomi tirẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Àwọn ará ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ wá wo ẹni tó ń gbé etí ọ̀sà tó ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣe àlùwàlá!" Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ni mò ń ṣe é. Kò wò mí sàn o, má kọ ọ́ pé ó wò mí sàn. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kan ojú mi, mi ò sì kígbe.

Ó lé lọ́dún kan kí ẹ̀gbà tó dá ẹ̀gbọ́n ìyá mi dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, kò lè dìde jókòó. Lọ́jọ́ ọjà kan, èmi àti òun nìkan la wà nílé, Aláásárì sì fẹ́ kọjá.

"Ọmọ, gbé búútà wá, kí o ṣe àlùwàlá fún mi."

"Ẹ jẹ́ kí n bu yẹ̀pẹ̀ fún yín, Ìyá."

"Omi ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọwọ́ ọ̀tún ni mi ò ní. Ìwọ lo lọ́wọ́."

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi."

"Oòrùn ń lọ."

Mo sáré jáde lọ wá èèyàn. Mi ò rí ẹnì kan. Nígbà tí mo padà, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ etí, kò nù ún. Mo gbé búútà. Omi ń dà sórí ẹní. Mo fọ ọwọ́ rẹ̀, mo fi omi sí i lẹ́nu, mo fi sí i nímú. Ó kan ojú. Mo da omi sí i, ó la ojú sílẹ̀ lábẹ́ omi náà, ó ń wò mí. Ìyá mi ni! Ìyá kan náà ló bí wọn, ojú kan náà ni.

Búútà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mò ń kígbe pé, "Èmi ni mo pa á! Ó dì mí mú, mo ta á nípàá!"

Ọwọ́ òsì rẹ̀ tó tutù fún omi ló fi di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn ni, mo lè já a gbà. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ já a gbà.

Mi ò já a.

"Ó ku apá, orí àti ẹsẹ̀," ló wí.

Ọwọ́ kan ni mo fi da omi tó ṣẹ́kù nínú búútà tí mo fi parí rẹ̀, torí kò fi èkejì sílẹ̀. Orí ìdùbúlẹ̀ ló ti kírun, ojú ló fi tẹríba, oòrùn ò tíì wọ̀.

Oṣù yẹn ò parí tó fi kú. Mò ń fi omi ṣe àlùwàlá láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kí n tó bu omi sójú, mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ ná. Ẹ̀yin ọmọ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ rò pé ọjọ́ ogbó ni. Bí omi bá ti kan ojú mi, ìyá mi ṣì ń wò mí.

Ó tó. Aláásárì ti wọlé. Bá mi gbé búútà wá, má kún un jù.