Ọjọ́ Tí Mo Gbá Bọ́ọ̀lù Ta Ko Ìlú Mi

Mi ò mọ iye ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mo ti ṣiṣẹ́ fún mọ́. Ọwọ́ ẹ̀yìn ni mò ń gbá. Iṣẹ́ ọlọ́lá gbáà ni! Bí mo bá dá bọ́ọ̀lù dúró, gólì tó ń ṣọ́lé ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Bí ọ̀kan bá yọ́ wọlé báyìí, ìyá mi ni gbogbo pápá ń bú.

Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ kan lókè Ọya gbà mí. Àfi bí ẹni pé wọ́n dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún mi, Ìbàdàn la ti gbá bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn lọ́dún náà, ẹgbẹ́ ìlú mi la sì bá gbá a. Bí wọn ò bá nà wá, líìgì kejì ni wọ́n ń já sí. Kóòṣì wa ti kì mí nílọ̀: "Ràṣídì, bí góòlù bá ti ọ̀dọ̀ ẹ wọlé, àwọn ará ilé ẹ lo tà wá fún. Iṣẹ́ bọ́ nìyẹn."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo lọ kí wọn nílé ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, ṣàdúrà ẹsẹ̀ líle fún mi, mo ń ṣe àmín. Ni Mọ́gàjí bá ki tẹ̀sùbáà bọ àpò.

"Lọ́la, rọra o. Èèyàn lè yọ̀ ṣubú."

"Bàbá, ọ̀gbẹlẹ̀ la wà."

"Ṣé ọ̀gbẹlẹ̀ ló ní kí o má ṣubú?"

Ìyá mi sìn mí dé títì. "Àkànní, ṣe iṣẹ́ ẹ. Mi ò rí ibi tí Mọ́gàjí ti bá ẹ sáré láàárọ̀ rí."

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo agbo ilé ti jókòó síwájú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọmọ ọwọ́ iwájú wọn kan yẹ gólì wa sílẹ̀, ó rọra ti bọ́ọ̀lù sójú ilé. Mo bẹ́ lé e, mo forí gbá bọ́ọ̀lù náà síta. Ni Mọ́gàjí bá figbe ta:

"Ta ló bí ọmọ burúkú yìí?"

Ìyá mi dìde, ó tún ìró ró. "Èmi ni mo bí i!"

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ọ̀mì la ta, wọ́n sì já. Kò sẹ́ni tó dáhùn kíkí mi nínú agbo ilé mọ́, àfìgbà tí ẹgbẹ́ Ìbàdàn wá ń wá ọmọ ọwọ́ ẹ̀yìn gidi. Mọ́gàjí ló ṣáájú àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ wá sílé wa, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ọmọ mi ni! Èmi ni mo tọ́ ọ!"

Ìyá mi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá ọmọ burúkú."