Ohùn Màámi nínú háàdì dískì àtijọ́

Mo sunkún lórí háàdì dískì lónìí. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Inú rẹ̀ ni ohùn Màámi tí mo gbà sílẹ̀ nígbà ayé wọn wà. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun tí mo rà, kọ̀ǹpútà ò rí i rárá. Mo ti bú ẹni tó tà á fún mi tán kí n tó gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá Kwame, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Circle.

Ó wò ó, ó ní: "Àǹtí Gladys, wáyà méjì ló ń lò. Ẹ ò so èyí tó ń fún un níná."

Ó so ó. Dískì bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ó ṣí fáìlì kan, Màámi bá sọ̀rọ̀: "Àjíkẹ́, ṣé o jí dáadáa?"

Kwame ní: "Ta ni Àjíkẹ́?"

"Èmi ni. Oríkì mi ni. Òun ni Màámi fi ń kí mi láràárọ̀."

Ó ní: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí Àjíkẹ́."

Látìgbà tí Màámi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́.

Tí kò bá sí ẹni tó ń pè yín ní oríkì yín mọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Èmi á kí yín.